Ìwé Òbúkọ Tí Kò Ní Ìparí

"Bàtà kan já sódò, gbọ́lùú!"

Bí Baba bá ti ka gbólóhùn yẹn tán, wọn á bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tí àgbàlagbà ń fọwọ́ bò lẹ́nu o. Inú ikùn ló ti ń bọ̀, á mi bẹ́ńṣì tí wọ́n jókòó lé, á sì mú kí àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lábẹ́ fèrèsé fò dìde. Ìyá mi á gbọ́ ọ nídìí máṣíìnì ìránṣọ lódìkejì títì, wọn á dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀, wọn á ní, "Òbúkọ ti dé etí odò nìyẹn." Máṣíìnì á tún bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Òṣogbo là ń gbé nígbà náà, ládùúgbò tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Baba kì í ṣe ẹbí wa; ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Ọmọ Ìwàrà ni wọ́n, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé wọn wá, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, wọn ò padà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí òórùn àkàrà bá ti ń ti ìkóríta bọ̀, wọn á bu omi wọ́n iwájú ilé kí eruku lè wálẹ̀, wọn á gbé bẹ́ńṣì síta, wọn á fi etí bùbá nu gíláàsì ojú wọn, wọn á sì ṣí ìwé náà.

Ìwé ọmọdé ni. Ìwé kíkà tí wọ́n fún wọn nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kejì, tó ní àwòrán òbúkọ onírùngbọ̀n lára èèpo. Òbúkọ yìí yá bàtà mẹ́rin, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí pé ó ń lọ kí àna rẹ̀. Ó dé orí afárá onígi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, bàtà kan já sódò. Ibẹ̀ ni ìwé dúró sí. Kì í ṣe pé ìtàn tán o. Ìyá Baba ló ti ya ewé ìkẹyìn, tí wọ́n fi di iyọ̀, nígbà tí Baba wà ní kékeré. Láti ìgbà náà, Baba ò mọ ohun tó gbẹ̀yìn òbúkọ. Wọn á kàn máa fi ìparí tuntun sí i fún àwa ọmọ àdúgbò. Lónìí, ẹja ti wọ bàtà náà, ó ń fi í jó. Lọ́la, òbúkọ ti fi bàtà mẹ́ta dé ilé àna, àna ní òun ò fẹ́ àna tó ń tiro. A máa ń jà lórí èyí tó dùn jù.

Ohun kan sì wà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ju òbúkọ lọ. Ìwé kọ "igi", Baba á ka "ugi". Ìwé kọ "ilé", Baba á ka "ulé".

"Igi ni, Baba!"

"Ugi ni!"

"Igi!"

"Ugi! Ẹni tó kọ ọ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú tirẹ̀. Èmi náà ń kà á bí a ṣe ń pè é nílùú tèmi." Wọn á wá sọ fún wa pé pàṣán ni tíṣà àwọn fi ń lé ugi kúrò lẹ́nu àwọn láyé ọjọ́un. "Ní báyìí, tíṣà ti lọ, pàṣán ti lọ, ó ku èmi àti ugi mi."

Àwọn tó ń kọjá a máa dá wọn lápàárá. "Baba, ṣé ẹ ti padà sí kíláàsì kejì ni?" Baba ò ní gbójú sókè. "Mo fèèlì ni! Wọ́n ní kí n tún un kà."

Báyìí la ṣe ń báyé lọ títí Àǹtí fi rí ọkọ. Àǹtí ni ọmọ Baba obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Ará Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni ọkùnrin náà. Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: kí ẹbí kan tó fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ẹbí kejì, wọn á wádìí. Wọn ò ní sọ pé àwọn ń bọ̀. Wọn á rán ẹnìkan tí ojú rẹ̀ là, á wá jókòó ládùúgbò bí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn, á máa béèrè. Ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn? Ṣé wèrè ò sí nínú ìdílé wọn? Bí ẹni náà bá lọ sọ pé òun rí wèrè, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti tán nìyẹn.

Omi ni mo lọ pọn ní kànga wọn lọ́jọ́ tí Àǹtí kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá bá yín níta tí ẹ̀ ń ka ìwé ọmọdé, tí ẹ sì ń dá rẹ́rìn-ín, kí ni wọ́n máa rò? Ẹ kàn bá mi gbé e wọlé fún ìgbà díẹ̀."

Baba wò ó. Wọ́n gbé ìwé wọlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ńṣì wà níta, Baba wà lórí rẹ̀, ọwọ́ wọn ṣófo. Wọ́n ń wo títì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Àwa ọmọ jókòó síwájú wọn títí, nígbà tó yá kálukú dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi dá máṣíìnì dúró, wọ́n tẹ́tí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. "Àdúgbò yìí ti wá dà bí ilé ọ̀fọ̀," wọ́n ní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Baba ṣàdédé dìde láàárín kan, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ìwé òbúkọ jáde. Àǹtí sáré tẹ̀ lé wọn.

"Bàbá mi!"

"Ọmọ mi, fara balẹ̀. Bí mo bá gbé e pamọ́ kí wọ́n tó fẹ́ ọ, ṣé mo tún lè gbé e jáde tí wọ́n bá fẹ́ ọ tán? Ìgbà wo ni màá wá rẹ́rìn-ín, ṣé inú sàréè ni? Jẹ́ kí wọ́n wá bá mi bí mo ṣe rí."

Àǹtí wọlé, ó ń sunkún.

Kò pẹ́ sí i, màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rán bùbá. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe ń wọn apá wọn, ọ̀rọ̀ ilé òdìkejì ló ń jáde lẹ́nu màmá náà. Ta ló ń gbé ibẹ̀? Irú èèyàn wo ni? Ìyá mi ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. "Èèyàn gidi ni, mà. Èèyàn jẹ́jẹ́."

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín Baba bú jáde. Téèpù já bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?"

"Baba ni, mà. Wọ́n... wọ́n ń kàwé ni."

"Ìwé wo ló ń pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín báyìí?"

Kí ìyá mi tó mú téèpù nílẹ̀, màmá náà ti sọdá títì. Èmi àti ìyá mi tẹ̀ lé wọn. Àǹtí yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí àlejò, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Baba. Kí lẹ̀ ń kà?"

"Ìwé òbúkọ ni." Baba ò fi aṣọ bò ó, wọn ò sì pa á dé. Wọ́n sún sẹ́yìn lórí bẹ́ńṣì. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òbúkọ yá bàtà. Òbúkọ fi òróró pa irùngbọ̀n. Òbúkọ dé orí afárá. "Òbúkọ tẹ ugi, ugi sì yọ̀!"

"Igi!" la pariwo, torí ó ti mọ́ wa lẹ́nu.

Màmá náà fọwọ́ bojú. Èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rí Àǹtí tó ti ilẹ̀kùn díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sá wọlé. Ìgbà tí màmá náà máa ṣíjú, omijé ẹ̀rín ló kún un.

"Ugi! Yéè, ugi yìí náà ni tíṣà tìtorí ẹ̀ nà mí ní Ìpetu! Ìwé yìí gan-an! Òbúkọ onírùngbọ̀n yìí gan-an!"

Baba ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n di etí bẹ́ńṣì mú. "Ẹ kà á? Ẹ kà á tán?"

"Mo kà á tán."

"Kí ló gbẹ̀yìn ẹ̀?"

"N ò ní sọ."

"Ẹ ò ní sọ kẹ̀? Pẹ̀lú ewú orí mi yìí? Ẹ fẹ́ kí n kú láìgbọ́ ọ?"

Màmá náà dìde, wọ́n gbọn ìró. "Ẹ má tíì kú. Ẹ fún wa lọ́mọ ná. Ọjọ́ ìdána ni màá sọ ọ́." Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ìyáàfin, ẹ bá mi rán bùbá yẹn kó dára o. Ó ti di aṣọ ìdána."

Igbe tí ìyá mi ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ alákàrà. Àǹtí dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdána, kí wọ́n tó mú ìyàwó jáde, Baba ti gbé àga wọn ti màmá náà. Mo wà nítòsí. Màmá náà sọ ọ́ sí wọn létí. Baba fajú ro.

"Ó padà sílé?"

"Ó padà sílé."

"Ó sì sùn?"

"Ó sùn. Ló bá kan ìbéèrè tí wọ́n ní ká dáhùn."

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn."

Baba gbójú sókè. "Ọlọ́run ó kẹ́ ìyá mi. Ewé yẹn, ó yẹ ní ohun tí wọ́n á fi di iyọ̀."

Baba ti sùn tipẹ́. Orí tèmi náà ti ń funfun. Ohun tí mo rí mú lọ́wọ́ wọn ni pé ayọ̀ tí o bá gbé pamọ́ nítorí ẹni tó ń bọ̀, wàá máa gbé e pamọ́ ni, kódà lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti di ará ilé rẹ. Tèmi kì í wà ní ìpamọ́. Láìpẹ́ yìí, ní gáréèjì Iléṣà, a ń dúró kí ọkọ̀ kún, mo mú ìwé adìẹ tó ń wá ẹyin rẹ̀ jáde, èyí tí mo fẹ́ràn jù nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì mí wò ó, ó wò mí.

"Mọ́mì, ṣé ọmọọmọ yín lẹ rà á fún?"

"Ara mi ni mo rà á fún."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ti ń gùn bọ̀.

"Ó ti wá rí ẹyin náà?"

"Kò tíì rí i."

Mo sì ṣí ìwé náà sáàárín wa.