Ìdí Fúrúùtù, Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Wẹsẹ̀

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, ọjọ́ Sátidé kan láàárín òjò. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé mi: èmi, kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, àti ìyá ìbejì, aránṣọ ará Èkìtì tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òpópó wa ti parí sí etí odò. Ìyá ìbejì jókòó lórí òkúta, ó ń wẹsẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kò jókòó. Ó fi ọwọ́ lu ara igi náà bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran, ó ní:

"Bàbá, èyí nìkan ló kù."

Ilé mi ni àkọ́kọ́ ní òpópó náà, lẹ́yìn Challenge, níbi tí ó ti yà kúrò lára Ring Road. Títì ọlọ́dà ni Ring Road. Òpópó tiwa, eruku ni lẹ́ẹ̀rùn, ẹrọ̀fọ̀ ni lójò. Bí òjò bá ti rọ̀, kò sí mọ́tò tó máa ń wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á ká aṣọ sókè, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lásán la ẹrọ̀fọ̀ náà títí wọ́n á fi dé iwájú ilé mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn. Akọ̀wé kánsù kan pàápàá wà nínú wọn, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún tí a kó dé ilé náà, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń fi ewé nu ẹsẹ̀ lẹ́bàá títì, tó sì ń sunkún nítorí pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé omi jáde fún un. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àgbá omi kan síta, ó fi igbá lé e lórí, ó sì ní kí n bá òun yí òkúta pẹlẹbẹ kan wá síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan jókòó lé. Mo yí i wá. Lẹ́yìn náà ló mú èso fúrúùtù kan bọ̀ láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta.

Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ò bá gbin ọsàn."

Ó ní, "Ọsàn á pẹ́. Ẹ ò rí i pé oòrùn ń pa àwọn tó ń wẹsẹ̀ ni?"

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo lọ bu omi, mo dà á sí i.

Fúrúùtù máa ń yára dàgbà, ó sì máa ń na apá bí agbòjò. Kò pẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ fi di ibi ìjókòó wa. Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Irùngbọ̀n ti wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń jókòó láàárín àwọn ọmọdé nílé ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti Dùgbẹ̀ dé, níbi tí mo ti ń tọ́jú sitọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù onírin kan, mo máa ń ka ìwé ìròyìn sí ìyàwó mi létí lábẹ́ igi náà. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kì í dá mi dúró. Tó bá ṣe díẹ̀, òun náà á fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ nǹkan, á pè é bó ṣe yẹ, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Ìyá Olómi. Àwọn onítákísí sì sọ ibẹ̀ ní Ìdí Fúrúùtù. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dẹ́rẹ́bà, ó fi ìgúnpá gbún mi nínú ọkọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé. Ọdún tó ṣáájú èṣí, bí òjò ti ń parí lọ, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń pọn omi sínú àgbá náà láràárọ̀.

N kò kórìíra ìdàgbàsókè. Àwa náà ti fẹ́ ọ̀dà tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣèlérí rẹ̀ fún wa, tí ìbò bá sì ti kọjá, a kì í rí ẹni bi léèrè. Ní Bódìjà, ọ̀dà ti dé kí èèyàn tó kó dé. Níbi tiwa, èèyàn ti bímọ, ọmọ ti ń rìn, a ṣì ń retí ọ̀dà. Láti ẹnu ọ̀nà sitọ́ọ̀ mi, mo ń rí ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ ní Dùgbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo máa ń gbójú sókè wò ó bíi gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé nínú àwọn tó máa fi bàtà dídán wọ ilé yẹn, àwọn kan á ti kọ́kọ́ wẹsẹ̀ níwájú ilé mi.

Nísinsìnyí ọ̀dà ti fẹ́ dé ní tòótọ́. Kánsẹ́lọ̀ ní katakata ti wà ní Ring Road, Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọn ilẹ̀ ní igi náà dúró síbi tí ọ̀nà máa gbà.

"Iwájú ilé yín ni, Bàbá. N kò fẹ́ fi agbára gé e. Àmọ́ tí ẹ bá ní rárá, wọ́n á kọjá sí òpópó kejì. Àwọn yẹn ti ń bẹ̀ mí."

"Ọ̀nà ò lè yà díẹ̀?"

"Yà síbo? Ilé ló wà lódìkejì."

Ó ní tí wọ́n bá parí, wọ́n á gbé pátákó síbẹ̀, wọ́n á sì fi orúkọ olóyè kan nínú ẹgbẹ́ wọn sọ òpópó náà. Ó pe orúkọ náà, ó sì pe gbogbo oyè tó wà níwájú rẹ̀.

Ìyá ìbejì bú sẹ́rìn-ín lórí òkúta. "Kánsẹ́lọ̀, dẹ́rẹ́bà wo ló máa pe ìyẹn tán kí mọ́tò tó gbé mi kọjá? Ìdí Fúrúùtù ni o."

"Tí kò bá sí fúrúùtù níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Ṣé igi àpẹ́ ṣì wà ní Ìdí Àpẹ́ ni?"

Kánsẹ́lọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ̀yin ará Èkìtì yìí! Ẹ ò sì dìbò fún mi."

"A ó dì í tí ẹ bá kó ẹrọ̀fọ̀ yìí kúrò. Àbí kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ sìn mí délé?"

Kánsẹ́lọ̀ wo bàtà rẹ̀. Funfun ni. Kò bọ́ ọ.

Mo retí kí ìyá ìbejì sọ fún mi pé kí n gbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì. Ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé wọn la ẹrọ̀fọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó da omi tó ṣẹ́kù nínú igbá sí ìdí igi náà, bí ìyàwó mi ti máa ń ṣe, ó ní, "Bàbá, ó dàárọ̀," ó sì gbé bàtà rẹ̀ dání, ó ń lọ sísàlẹ̀.

Mo ní kí kánsẹ́lọ̀ fún mi láyè di ọ̀la.

"Àárọ̀ o, Bàbá. Katakata kì í dúró de èèyàn."

Ilẹ̀ mọ́, mo pọn omi kún àgbá. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú bàtà mi, ṣùgbọ́n n kò wọ̀ ọ́. Mo kọjú sí ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti kó dé ẹnu òpópó yẹn, n kò rìn ín dé ìparí rí lẹ́yìn òjò. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Àwọn ni wọ́n máa ń wá bá wa.

Ẹrọ̀fọ̀ náà tutù. Ó ń di ẹsẹ̀ mú, kò sì fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Ọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí."

Ìyá ìbejì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pọn ọmọ kan. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Ha, Bàbá! Ta ló lé yín?"

"Gbé ọ̀kan wá."

Ó gbé èyí tó kọ́kọ́ wáyé fún mi. Ọmọ náà di fìlà mi mú, ó fà á bo ojú mi. Bí a ṣe ń gòkè bọ̀ nìyẹn, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń darí mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé.

"Ẹ má tẹ àárín. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibẹ̀ yẹn, kòtò ni. Ẹ tẹ òkúta tí ìyàwó yín gbé síbẹ̀."

Mo dúró. "Ìyàwó mi?"

"Àwọn ni. Nígbà tí mo lóyún àwọn wọ̀nyí, wọ́n máa ń wá pàdé mi dé ibí láràárọ̀, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Ẹ ò mọ̀ ni?"

N kò mọ̀. Mo máa ń rí i tó ń jáde láàárọ̀. Mo rò pé ó ń lọ kí àwọn èèyàn ni.

Mo tẹ òkúta náà. Kò mì.

Nígbà tí a dé ìdí igi, mo jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ, ọmọ náà lórí itan mi. Ìyá ìbejì bu omi, ó rọra ń dà á sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbójú sókè. Díẹ̀ nínú ewé fúrúùtù náà ti pọ́n, bí ó ti máa ń pọ́n kí ó tó já. Mo rò ó pé nítorí àwọn tó ń la ẹrọ̀fọ̀ ni ìyàwó mi ṣe gbin igi yẹn. Kò gbìn ín nítorí mi.

Mo nu ẹsẹ̀, mo wọ bàtà, mo lọ sí ilé kánsẹ́lọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun àárọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, kí wọ́n gé igi náà. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà kí wọ́n tó da ọ̀dà, nítorí pé tí kò bá sí gọ́tà, òjò ọdún tó ń bọ̀ ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo sì ní kí wọ́n má fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀dà náà dé etí odò.

"Ó máa dé ibẹ̀, Bàbá. Kí la ó wá kọ sí pátákó?"

"Ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

Ó rọ̀ mí kí n jókòó bá òun jẹun. Mo ní kó má bínú. Sọ́ńdè ni, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kọjá tán. Mo padà sílé, mo yẹ àgbá wò, omi rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Mo tún pọn ọ́n kún.