Aago Tí Wọ́n Sún Lọ́jọ́ Ìsọmọlórúkọ

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn àṣìṣe kan fún yín, èyí tí mo ṣe lẹ́yìn tó ti dá mi lójú pé n kò lè ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá mi Káyọ̀dé, tí wọ́n ń gbé ní Leeds ní England, bí ọmọ wọn àkọ́kọ́. Ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ Sunday, aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn, lórí video call, nítorí Màámi wà ní Abẹ́òkúta, èmi sì wà ní Dubai níbí. Èmi ni mo máa pe orúkọ tí bàbá wa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ á fi dé. Ṣé irú ibẹ̀ yẹn lèèyàn ń pẹ́ dé?

Break ni ìṣòro mi. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan nínú mall ní Mirdif ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Inú locker ni fóònù wa máa ń wà títí di break, wákàtí kan péré sì ni break. Torí náà, ní Thursday, mo bi Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé pé aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ wọn báyìí. Mo wo tèmi. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi ṣáájú. Mo tún un wò lórí fóònù, mẹ́rin náà ni. Á jẹ́ pé mẹ́wàá tiwọn ni méjì ọ̀sán tèmi. Statistics ni mo kà ní yunifásítì. N kì í gba ohun tí n kò bá tíì yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bísí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a sì jọ ń gbé yàrá ní Al Muteena, ló ni break aago méjì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a ṣe pààrọ̀.

"Ìwọ tó máa ń ka ẹyọ ìrẹsì kó o tó jẹ ẹ́," ni wọ́n wí, "ṣé o ti kà á dáadáa?"

Mo ní mo ti kà á.

"Khalas, ó parí. Gbà á."

Nígbà tó di Sunday, mo ṣí locker ní aago méjì géérégé. Missed call mọ́kànlá. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjì ni àkọ́kọ́ wọlé. Message kan tẹ̀ lé e: "Níbo lo wà? Pásítọ̀ ti dé." Mo yára pè padà.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé gbé e, ọmọ wà léjìká wọn. Wọ́n ní ó ti tó wákàtí kan tí wọ́n ti ń retí mi. Wọ́n ní òru àná ni wọ́n sún aago síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún kí ooru tó dé, àìsùn ọmọ tuntun ni kò jẹ́ kí àwọn rántí sọ fún wa. A kì í sún aago ní Dubai, n kò sì ronú kàn án. Òótọ́ ni ohun tí mo yẹ̀ wò ní Thursday. Àmọ́ Sunday kì í ṣe Thursday.

Mo wá fi ẹ̀rù bi wọ́n pé orúkọ wo ni wọ́n wá sọ ọmọ.

"Orúkọ wo? Ta ló tó bẹ́ẹ̀, kó sọ ọmọ mi lórúkọ kí Màámi tó dé? Mo pè wọ́n títí, wọn ò gbé e."

Kí ló fa ti Màámi? Mo rò ó. Wọn kì í sún aago ní Nàìjíríà náà. Wákàtí kan ni Màámi ti fi ń ṣáájú Leeds látọjọ́ yìí, orí ìyẹn náà ni wọ́n sì dúró lé. N kò tíì rò ó tán tí gèlè wọn fi bo screen.

"Fóònù mi wà níbi tó ti ń gba iná," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mo mà tètè dé."

"Màámi, wọ́n ti sún aago."

"Ta ló sún un?"

"Ìjọba ni, mà."

"Ìjọba yẹn ò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni?"

Pásítọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín.

Mo pe orúkọ náà: Ọláìtán. Màámi náà pè é, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n máa fi ń jí bàbá wa lójú oorun.

Nígbà tí mo padà, Ẹ̀gbọ́n Bísí béèrè pé ṣé aago méjì náà ni. Mo ní rárá, aago kan ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì na ìlàjì shawarma wọn sí mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí a yẹ̀ wò dáadáa náà lè gbó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Báyìí, ọjọ́ náà gan-an ni mo máa ń tún un béèrè. Àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n mi ló kó mi yọ. Àwọn tó gbà láti dúró de Màámi ni. Ẹ̀yin tí ẹbí yín fọ́n ká sábẹ́ aago mẹ́ta, ta ló máa ń pẹ́ dé nínú yín, ta ló sì máa ń dúró dè é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á.