Bí A Ṣe Mú Abo Agẹmọ Mi Lọ Sílé Ọkọ

Abo agẹmọ kan wà lọ́dọ̀ mi ní Adja-Ouèrè. Orí ewé ẹ̀gẹ́ ni mo ti rí i, lẹ́yìn ikú ìyàwó mi. Mo fi ọparun àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe àgò fún un. Láràárọ̀ ni mo ń wá tata fún un kí n tó lọ sóko. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun náà kì í sọ̀rọ̀.

Agẹmọ kì í pẹ́ láyé. Nígbà tí ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé tata, mo mọ̀ pé bí kò bá yé ẹyin lọ́dún yẹn, kò ní yé mọ́. Mo sì fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Massè ní akọ. Aránṣọ ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Ilé ìwé alẹ́ tí àwọn àgbà ń lọ ni a ti pàdé, nígbà tí àwọn ọmọ wa fúnra wọn ti ń ka ìwé. Mo ní n óò gbé abo náà wá láàárọ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yarí.

"Ọkọ mi, ta ló ń mú ìyàwó wọlé ọkọ lójú ọ̀sán? Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Agẹmọ ni, ìyàwó wa," mo wí.

"Agẹmọ kò nítìjú ni? Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé e wá."

Ọ̀rẹ́ mi ní òun kò lè dá sí i, òun ṣì fẹ́ jẹun alẹ́. Mo gbà.

Onízẹmi àkọ́kọ́ tí mo dá alùpùpù rẹ̀ dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yọjú wo inú àgò. "Bàbá, mi ò fi alùpùpù gbé òrìṣà," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkejì gbé wa, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀yìn kó má baà máa wo òun. Mo sọ fún un pé ojú agẹmọ ń yí kiri, kò sí ibi tí kò lè wò. Ó tẹ iná mọ́ ọn.

Ní Massè, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi bu omi díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń ṣe fún ìyàwó. A gbé e sínú àgò akọ. Kò pẹ́, ara abo náà funfun, ó di ojú.

"Ẹ wò ó! Inú rẹ̀ ti dùn! Ojú ló ń tì í!"

Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Mo padà sílé tayọ̀tayọ̀.

Láàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù. "Máa bọ̀. Ọmọ rẹ ti dúdú bí ìdí ìkòkò."

Nígbà tí mo dé, ó ti la ẹnu gbàgà, ó ń mí fùù. Akọ ti sá lọ sísàlẹ̀ àgò, ojú eyín wà lára rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ ń funfun nílé mi. Oorun ni. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ijó gbé mi lọ. Mo sọ ọ́ fún wọn, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi sì figbe ta.

"Ẹ gbé ẹni tó ń sùn fún ọkọ? Ẹ̀yin bàbá yìí!"

"Ta ló ní kí n gbé e wá nírọ̀lẹ́?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bí i."

A yà wọ́n sọ́tọ̀. A gbé àgò méjèèjì kọjú síra nínú oòrùn àárọ̀, a sì bọ́ abo náà dáadáa. Akọ ń mi orí sí i lójoojúmọ́, abo ń dúdú. Ẹ̀rù bà mí pé ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akọ mi orí, abo kò dúdú. Ewé tútù ni àwọ̀ rẹ̀ dúró sí. Mo ṣí àgò méjèèjì. Akọ gun ẹ̀ka wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ bá a. Abo sún díẹ̀, ó dúró dè é. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi pàápàá fọwọ́ bo ẹnu.

Mo gbé e padà sílé. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, mo gbé bákéètì iyẹ̀pẹ̀ tútù sínú àgò. Ó gbẹ́ ihò, ó wọlé, ìrù nìkan ló kù lókè. Nígbà tó jáde, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kún ojú rẹ̀. Mo wọ́n omi sí i, ó mu ún.

Mo pe Massè láti sọ pé ó ti yé ẹyin. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló gbé fóònù, ó sì ké débi pé mo ní láti gbé e jìnnà sétí. Ó ní òun ń bọ̀ wá se ọbẹ̀ ata fún ìyá ọmọ.

"Tata ló ń jẹ," mo wí.

"Nígbà náà, ẹ̀yin lẹ óò jẹ ẹ́. Ẹ ti rù jù."