Ẹni Tó Ń Pe Orin Sí Mi Létí

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n máa bọ̀ lóko. Ìyàwó mi ni tíṣà. Ní Èrúwà níbí, ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó ni orúkọ mi ti sọnù. "Ọkọ Tíṣà" ni tèwe tàgbà ń pè mí. Kò dùn mí rí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa ń jókòó sí. Kí n tó ka ìlà kan tán nínú ìwé orin, ìjọ a ti kọrin débòmíràn. Nítorí náà, Tíṣà a máa pe ìlà kọ̀ọ̀kan sí mi létí kí orin tó kàn án, èmi a sì gbé e. Ohùn mi ròkè. Àwọn àlejò a rò pé mo mọ̀wé ju bíṣọ́ọ̀bù lọ. Tíṣà a fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìsìnkú Tíṣà, wọ́n dá orin. Mo dìde, mo tẹ orí sọ́wọ́ ọ̀tún bí mo ṣe máa ń ṣe. Atẹ́gùn fáànù nìkan ló wọ̀ mí létí. Mo mọ gbogbo ará ìjọ lórúkọ, títí dé ọmọ tí wọ́n pọ̀n, síbẹ̀ mo dúró láàárín wọn bí òpó. N kò padà lọ mọ́. Ilé dákẹ́ fún mi. Àdúrà gan-an, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kì í mọ bí mo ṣe máa parí rẹ̀.

Ìjọ wa kì í jẹ́ kéèyàn sá lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìyá mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ Tíṣà wá kanlẹ̀kùn. Mo ti tì í látinú. Mo sé èémí. Wọ́n kàn án títí. Wọ́n ti ń padà lọ nígbà tí Alhaja, aládùúgbò mi, pariwo láti ibi tó ti ń sá làfún:

"Ẹ má lọ o! Wọ́n wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ikọ́ wọn ni. Ọkọ Tíṣà, ẹ ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn yín, àbí kí n pe lèmọ́mù wá bá yín?"

Ẹ̀rín ló ṣílẹ̀kùn yẹn, kì í ṣe èmi.

Wọ́n béèrè ohun tó dá mi dúró. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa pe orin fún mi mọ́."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ọkọ Tíṣà, ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni? Bàbá tó máa ń jókòó níwájú yín, ojú wọn ti fọ́. Ohùn yín ni wọ́n fi ń kọrin. Látìgbà tí ẹ ò ti wá, ńṣe ni wọ́n ń jókòó bí ẹni tó ń retí mọ́tò."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo lọ jókòó ti bàbá náà. Wọ́n dá orin kan tí Tíṣà fẹ́ràn. N kò ṣíwèé. Ìlà àkọ́kọ́ wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Tíṣà. Mo pè é sétí bàbá, ó gbé e. Nígbà tó yá, ìlà kan sọnù mọ́ mi lọ́kàn. Ọwọ́ kan bà mí léjìká láti ẹ̀yìn: ìyá àgbà yẹn ni. Ó pè é sí mi létí ọ̀tún, èmi náà pè é fún bàbá. Ìjọ ti parí ká tó parí.

"Ẹ tètè máa pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o," bàbá ní, "mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jẹ iyán tán kí ìlà yín tó dé."

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbàdúrà náà dé àmín.