Ohùn tó wà ní ìparí àwo

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kan àwo orin, ariwo kan kọ́kọ́ jáde bí ẹni ń da kókó gbígbẹ sórí ẹní. Ìyá àgbà gbé ìka sókè pé kí n dákẹ́. Ìgbà náà ni orin bẹ̀rẹ̀: tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì, bẹ́ńjò, ìlù, àti fèrè onígi kan tó ń ta pọ́ún pọ́ún láàárín wọn bí ọmọ ewúrẹ́.

Tí mo bá wá lo ìsinmi ní Oǹdó, ọ̀sán Sátidé ni Ìyá àgbà máa ń gbé giramafóònù jáde. Wọn á nu àwo, wọn á yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà títí yóò fi le, òórùn epo rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ti kókó tí wọ́n sá síta. Jáàsì àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, orin ijó.

“Má fi etí tẹ̀ lé ẹni tó ń pariwo jù,” ni wọ́n máa ń sọ fún mi. “Mú ẹnì kan, kí o bá a lọ dé òpin. Lẹ́yìn náà, wá mú ẹlòmíì.”

Nínú àwo kan, Bàbá àgbà ló fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti kú kí ìyá mi tó mọ ìrìn. Bí orin yẹn bá parí, ohùn ọkùnrin kan á pe orúkọ tí Bàbá àgbà fi ń kẹ́ ìyàwó wọn, lẹ́ẹ̀kan péré, bí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

“Àwàdà ni bàbá àgbà rẹ fi ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀,” ni Ìyá àgbà máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá mi kò gbà láti gbọ́ ọ rí. Ó ní òun ò fẹ́ kí òkú máa pe ènìyàn nínú ilé.

Ní ọ̀sán kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, ohùn náà pè. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún pè. Ìpè kejì kò sí nínú àwo yẹn rí. Ọwọ́ Ìyá àgbà dúró lófuurufú.

“Mo wà níbí,” ni wọ́n dáhùn. “Ọmọ yín ti bímọ. Ọmọ náà ló jókòó tì mí yìí.”

Ohùn náà rẹ́rìn-ín, jẹ́jẹ́. Mo di aṣọ Ìyá àgbà mú.

“Má bẹ̀rù,” ni wọ́n wí. “Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni.”

Ìyá àgbà pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ mọ́.

Nígbà tí a sin wọ́n tán, mo kó àwọn àwo náà àti giramafóònù wá sí ilé wa ní Àkúrẹ́. Ìyá mi ló ní kí n gbé ti Bàbá àgbà sórí ẹ̀rọ, kí òun náà gbọ́ ohùn bàbá òun. Orin parí. Ariwo àwo nìkan ló kù. A retí títí ẹ̀rọ fi dúró, kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé àwo yìí máa ń sọ̀rọ̀?” ni ìyá mi bi mí.

Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Ìyá mi nu ojú rẹ̀. “Ó dáa. Fi ibi tí bàbá mi ti ń fọn tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì hàn mí.”

Mo tún gbé e sí i, mo fi hàn án. Títí di òní, bí mo bá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sí i, kì í ṣe fèrè ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Kí fèrè tó dún, ẹni tó fẹ́ fọn ọ́n ní láti mí. Gbogbo àwọn olórin náà ti lọ, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sínú.