Orúkọ Tí Ajalèlókun Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Òórùn dísẹ̀lì ni mo fi kọ́kọ́ mọ àbúrò ọkọ mi. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà agboolé wa ní Bẹ̀yẹ̀rúnkà ni òórùn náà á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, nítorí ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe ní Ọjà'ba. Kò sí ọṣẹ dúdú tó lè fọ òórùn ọ̀hún kúrò lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ìyá ọkọ mi, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ló ń tà nísàlẹ̀ Màpó. Ìyá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni kì í jẹ́ kí ọjà òun tà, pé ẹni tó bá ti gbóòórùn ọmọ ọlọ́ṣẹ, ibòmíràn ni yóò ti lọ ra ọṣẹ.

Oṣù méje péré ni mo tíì lò nílé ọkọ nígbà náà. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo sì gbà pé ojú mi là. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà nínú agboolé wa tí mo gbé gẹ̀gẹ̀ ju bí àwọn ìyálé mi ti ń ṣe lọ: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Bó ṣe ọmọ ọwọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tó ti ṣáájú rẹ dé ilé náà, ọkọ rẹ ni, ìwọ lo máa wá orúkọ ìnagijẹ tí wàá máa pè é. Àbúrò ọkọ mi dúdú, ara rẹ̀ a sì máa dán, ni mo bá sọ ọ́ ní Adúmáadán. Àwọn àgbà obìnrin ilé a máa yìn mí lójú ará àdúgbò pé, "Ìwé ò ba ìyàwó yìí jẹ́ o." Orí mi á wú, n óò tún kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ kan ni Adúmáadán wọlé wá pé òun ti ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ìpẹja kan ní Èkó, pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà lòun yóò máa tọ́jú. Inú wa dùn, ẹ̀rù sì bà wá díẹ̀, torí odò Ògùnpa ni omi tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Èmi ní tèmi, ìwé ìtàn ni mo fi mọ òkun. Mo máa ń ka ìtàn àwọn ajalèlókun fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, àwọn ọkùnrin tó fi aṣọ dúdú bo ojú kan, tí ẹyẹ ń bà lé èjìká wọn, tí wọ́n ń wá àpótí wúrà kiri. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń pa wá.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo ní, "Adúmáadán, tẹ́ ẹ bá pàdé àwọn ajalèlókun, ẹ bá mi gba ayékòótọ́ kan lọ́wọ́ wọn o."

Ó ní, "Ayékòótọ́ kẹ̀, ìyàwó? Ṣé ìwọ nìkan ò tó wa gbọ́ nínú ilé yìí ni?"

Baálé agboolé wa náà dá sí i. Ó ní ọmọ Ìbàdàn kì í bẹ̀rù olè, nílùú tí olè ti ń jàre olóhun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ẹni tó tẹ agboolé wa dó ṣe máa ń ti ogun bọ̀, tí àwọn èèyàn tó kó lẹ́rú á tò lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí eèrà. A pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá àwọn kan ń retí àwọn èèyàn náà nílé tiwọn.

Kí Adúmáadán tó jáde, mo kọ́ ọ ní nọ́ńbà fóònù mi títí tó fi mọ́ ọn lórí, tó ń kà á bí ọmọ kíláàsì mi ṣe ń ka ABD. Fóònù Ìyá kì í níná lára, ọkọ mi sì máa ń wà lábẹ́ mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ókè-Àdó, kì í gbọ́ ìpè. Mo ní èmi ni kó máa pè.

Kò pé oṣù márùn-ún tí wọ́n pè wá láti iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Àwọn ajalèlókun ti ya wọ inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì ti kó ọkùnrin mẹ́fà lọ sínú igbó ẹ̀bá omi. Adúmáadán wà nínú wọn. Wọ́n ní ká má pa fóònù wa, pé àwọn tó jí wọn gbé lè pè.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n pè, Ìyá ń kírun àlàásárì lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà tutù, pijin ló ń sọ. Ó ní ẹnì kan tó wà lọ́wọ́ àwọn ló fún àwọn ní nọ́ńbà yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nọ́ńbà ọlọ́pàá tan àwọn rí, nítorí náà kí n dárúkọ ẹni náà kí àwọn lè mọ̀ pé ará ilé rẹ̀ ni mí lóòótọ́.

Mo ní, "Adúmáadán."

Mo gbọ́ tó ní kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó padà sórí fóònù, ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kí n sọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Mo mọ orúkọ náà. Mo ti rí i lára sátífíkéètì rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láràárọ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi, kò jáde. Ìyá ló wà níwájú mi, ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, mi ò sì fẹ́ pàdánù ìyìn tí mo ti ń gbà láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú sùúrù, ìyá rẹ̀ rèé, wọ́n á sọ ọ́ fún yín." Mo sáré dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní Ìyá. Ó wà ní ìforíkanlẹ̀. Ọmọlúàbí èmi náà kò sì já ìrun mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Mo dúró kó sàlámà.

Ọkùnrin náà ní, "O ò mọ̀ ọ́n," ó sì gé fóònù. Nígbà tí Ìyá fi máa yí ojú sọ́tùn-ún, yí i sósì, mo ti pè é padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ti pa fóònù náà. Ìyá bi mí pé ta ni. Mo sọ fún un pé àwọn ni, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló já.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkùnrin márùn-ún padà wálé. Ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ kúùkù inú ọkọ̀ náà, wá sí Ìbàdàn láti wá rí wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Èmi ni mo gbé omi wá fún un, kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ mi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Gbogbo ilé wa ni wọ́n pè. Obìnrin kan ló gbé ti yín, wọ́n ní kò mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yín fún àwọn ní nọ́ńbà irọ́. Wọ́n lù ú, wọ́n wá gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi mìíràn. A ò rí i mọ́."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ìrun àti irọ́ tí mo pa. Ẹnikẹ́ni ò pariwo mọ́ mi. Ó wù mí kí wọ́n nà mí. Baálé ní kádàrá ni.

Ìyá ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyàwó, pè é."

Mo wò ó.

"Pe orúkọ ọmọ mi kí n gbọ́."

Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè, mo tún un pè. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Ẹnu rẹ mà gbà á," ni Ìyá wí. "Ó gbà á o." Ó dìde, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ, ojú Ìyá ni mo ti rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò gbà kí wọ́n ṣe fìdáù, torí kò sí ẹni tó gbé òkú wá. Ó ṣì ń ta ọṣẹ. Ó ṣì ń pè mí ní ìyàwó, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Mi ò ka ìtàn ajalèlókun fún ọmọ kankan mọ́. Bí Baálé bá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn tí baba ńlá wa kó bọ̀ láti ojú ogun, mo máa ń rọra dìde.

Mi ò yí nọ́ńbà mi padà. Bí fóònù bá dún, tí mi ò mọ ẹni tó ń pè, n kì í kí onítọ̀hún. Orúkọ àbúrò ọkọ mi gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, ketekete. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí. Wọ́n á ní àwọn ṣi nọ́ńbà pè, wọ́n á sì gé e.