Òórùn Inú Yàrá Ìyàwó

Òórùn bílíìṣì ló kọ́kọ́ máa ń kí mi káàárọ̀ ní ilé ìtura yẹn. Kí n tó gun àtẹ̀gùn dé òkè ni yóò ti gba imú mi, òun àti òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, tó ṣì gbóná. Ilé ìtura náà kò jìnnà sí títì Siluko nílùú Benin, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi àti òòlù àwọn káfíńtà kì í jẹ́ kí èèyàn sùn pẹ́. Mo mọ ariwo yẹn dáadáa. Kí n tó di ẹni tó ń tún yàrá ṣe fún àlejò, èmi náà wà lára àwọn tó ń pa á. Iṣẹ́ àga ni mo kọ́ láti ilé: kí n kan igi pọ̀, kí n gbé fóòmù lé e, kí n fa aṣọ bò ó títí kò fi ní sí ibi tó hunjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa, tó fẹ́ fi kọ́ ilé ìtajà, gbogbo ibi tí mo wá ibùdó mìíràn sí ló pòfo. Ìyàwó mi ló gbọ́ pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ ní ilé ìtura. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ lọ wò ó ná. Ọwọ́ yín kò lè máa jókòó lásán." Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Obìnrin ọmọ Edo kan ni ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ yàrá, obìnrin gíga tó máa ń so aṣọ funfun mọ́rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún tó bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Pijin ni èmi àti ẹ̀ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí Edo mi kò kọjá ìkíni, òun náà kò mọ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" lọ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó ní kí n máa kan ilẹ̀kùn, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí n dúró, kí n tún kàn án, torí èèyàn kò mọ ipò tí àlejò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí mo bá wọlé, kọ́tìnnì àti fèrèsé ni kí n kọ́kọ́ ṣí, kí yàrá lè mí. Kí n gbọn aṣọ ibùsùn kọ̀ọ̀kan kí n tó kó o sínú àpò ìfọṣọ, nítorí ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé sínú aṣọ ibùsùn, ọ̀rẹ́ mi, o kò ní gbà mí gbọ́: yẹtí, òrùka ìgbéyàwó, àní eyín àtọwọ́dá. Òkè ni kí n ti máa nu eruku bọ̀ wá sílẹ̀. Aṣọ tí mo fi nu ibi ìfọwọ́ àti èyí tí mo fi nu ibi ìyàgbẹ́ kò gbọdọ̀ pàdé láyé. Lẹ́yìn náà ló wá kan bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń fa aṣọ funfun náà bí ẹni ń fa omi odò tẹ́jú, á ṣẹ́ igun rẹ̀ sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a pẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣe tèmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yí i ká, ó wò ó, ó ní, "My broda, who teach you?" Mo ní àga ló kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì sì di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ilé nìkan ni iṣẹ́ náà kò ti níyì. Kì í ṣe ilé mi gan-an ni mò ń sọ o, àwọn ará ilé ni. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwa ọmọ ilẹ̀ wa tó wà ní Benin máa ń ṣèpàdé ní Iyaro, nínú ọgbà alága wa. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu géètì báyìí, alága á gbóhùn sókè: "Ẹ ṣínà fún ìyá ilé ìtura! Ṣé ẹ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán lónìí, mà?" Gbogbo ọgbà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá wá àga, màá jókòó. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lọ́fun. Alága kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí ibà dá mi wó, tí n kò mọ ẹni tó gbé mi, òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, tó jókòó tì mí títí mo fi lajú. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ràn ẹni kì í wọni lára tó báyẹn.

Ó wá ṣe, ọmọbìnrin alága rí ọkọ. Ọmọ Edo ni ọkọ náà, ẹbí rẹ̀ sì ti ní kí wọ́n wọṣọ fún ìyàwó lọ́nà ti Benin, pẹ̀lú iyùn lórí àti lọ́rùn. Àwọn ará ilé ń bọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, ìyá alága sì ń bọ̀ pẹ̀lú wọn, ìyá arúgbó tí kò tíì wá sí Benin rí. Ilé ìtura wa ni wọ́n gbà fún wọn, gbogbo yàrá tó wà lókè pátápátá. Yàrá ńlá tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyàwó yóò ti múra, ibẹ̀ náà ni ìyá àgbà yóò sùn. Mánẹ́jà pe ọ̀gá wa àti èmi, ó ní àlejò ọ̀wọ̀ nìwọ̀nyí. Ó ní bí inú wọn bá dùn, òun yóò fi ọ̀gá wa ṣe olórí gbogbo iṣẹ́ yàrá títí láé, nítorí adelé lásán ló ṣì jẹ́ látọjọ́ yìí. Bí wọ́n bá sì kó ẹrù wọn lọ sí ilé ìtura mìíràn, ó ní kí àwa méjèèjì bá wọn kó tiwa.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni àlejò tó wà nínú yàrá ńlá yẹn tó lọ, bàbá oníṣòwò kan tó ti ń gbé ibẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí kì í jẹ́ ká wọlé tọ́jú yàrá fún un. Nígbà tí ọ̀gá wa ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan ló gbé wọlé tó fi padà. Òórùn kan ló jáde pàdé wa. Kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí lásán. Ó wúwo, ó dà bí ẹran tó kú sínú omi, ó sì ń wọni láṣọ. A ṣí fèrèsé. A kó gbogbo aṣọ, a tú kọ́tìnnì, a fọ ilé ìwẹ̀ títí ó fi ń dán, a gbé mátírẹ́ẹ̀sì jáde sí báńkónì kí oòrùn lè pa á. A nu ilẹ̀, a tún un nù. Òórùn náà ń wò wá níran. Mánẹ́jà gun òkè wá, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní ká fi lọ́fínńdà fọ́n ibẹ̀ dáadáa, ká ti fèrèsé, wọn kò ní mọ̀.

Ọ̀gá wa mi orí. Ó ní, "Oga, dem go know. Na bride go sidon here." Mánẹ́jà wo aago, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ipò yẹn jẹ́ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí tááìsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fimú fa ilẹ̀ bí ajá. Lábẹ́ fèrèsé, kò sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí mo ṣe ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, omi bọ́ lójú mi. Mo fa àpótí pákó tó máa ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró kúrò lára ògiri, ìgbà náà ni mo wá rí ipa kan lára ògiri náà, tó ń dán bí ìgbà tí ọmọdé bá fi itọ́ fàlà. Ipa náà wọ abẹ́ àpótí lọ.

Mo ní kí ọ̀gá wa bá mi dojú àpótí náà dé. Wọ́n máa ń fi aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo abẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èmi náà ti bo ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé mi. Ti ibí yìí ti ya ní igun. Mo fi ọ̀bẹ là á. Ìgbín ni! Ìgbín ńláńlá, tí wọ́n ti kú sínú ìkarahun wọn, tí omi ara wọn ti rin pákó. Ìgbà yẹn la tó rántí àpò tí bàbá oníṣòwò náà gbé wọlé láti ọjà Santana, tó ní ẹrù òun ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ti jáde nínú àpò rẹ̀, wọ́n ti wá ibi tó ṣókùnkùn lọ. Ọ̀gá wa wò mí, mo wò ó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí a fi di ògiri mú. Ẹ̀rù ti ń bà wá láti àárọ̀ pé bóyá èèyàn ló kú síbẹ̀.

Bí ẹ̀rín náà ṣe tán ni ó pariwo pé, "Alum! Lime!" Obìnrin wo ni kò mọ ohun tí wọ́n fi ń fọ ìgbín? Ó sáré lọ sí ilé ìdáná, ó gba álọ́ọ̀mù àti ọsàn wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ agbọ́únjẹ, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná tẹ̀ lé òun. Èmi ya aṣọ náà kúrò, mo kó àwọn ìgbín dànù, mo ha pákó. A da omi sí i, a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, a fi ọsàn ra á, a tún un fọ̀. Nígbà tí pákó náà kò yọ̀ mọ́ lọ́wọ́, a gbé e sí oòrùn lórí báńkónì. Mo bá sáré já sí títì Siluko, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣì ń ṣe àga. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gé aṣọ dúdú fún mi, ó yá mi ní òòlù, ó sì fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ ìṣó kékeré.

Mo ń kan ìṣó lọ́wọ́ lórí báńkónì nígbà tí mo gbọ́ ohùn alága ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti dé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà tuntun àti aṣọ lẹ́ẹ̀sì, ó wo yàrá tí kò ní bẹ́ẹ̀dì nínú, ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀.

"Ṣé ibi tí ọmọ mi ti máa múra nìyí?"

"Ibẹ̀ ni, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó nísàlẹ̀, kí wọ́n fún wọn lómi tútù. Tí mo bá ní kí ẹ wọlé, nígbà náà ni kí ẹ wọlé."

N kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà mọ̀. Ó ń wo bí mo ṣe ń fi eyín di ìṣó mú, tí mò ń fi ọwọ́ kan fa aṣọ, tí mò ń fi ọwọ́ kejì kàn án, tí aṣọ náà sì ń yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lójijì ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì.

"Èwo ni kí n fà?"

"Igun yẹn, Alága. Ẹ fà á le dáadáa."

Ó fà á. Mo ń kàn án, ó ń fà á, òógùn sì ń bọ́ sórí lẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Nígbà tí a dé igun tó kẹ́yìn, ó fi ìka ta aṣọ náà, ó rí i pé ó le gbọingbọin. Ó ní, "Ṣé báyìí lo ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà?" Mo ní, "Báyìí náà ni, Alága." Òun ló bá mi gbé àpótí náà wọlé, kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá Màmá.

Ọ̀gá wa ti so kọ́tìnnì tó mọ́. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì padà, ó gbóná, ó ń rùn bí oòrùn. Èmi ní apá kan, òun ní apá kejì, a ju aṣọ funfun sókè, ó fẹ̀ bí ìyẹ́ lékeléke, ó sì balẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. A ṣẹ́ igun. A to ìrọ̀rí. A ká táwẹ̀lì sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi imú fa afẹ́fẹ́ títí, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó na tèmi pàá. Mo lọ sí orí àtẹ̀gùn, mo ní, "Alága, ẹ máa mú Màmá bọ̀."

Ìyá àgbà náà rọra wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ náà lọ, ra á bọ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ara mi ti balẹ̀. Ta ló tọ́jú ibí yìí?"

Alága na ọwọ́ sí èmi àti ọ̀gá wa. "Àwọn ni, Màmá. Ọmọ ilé wa lèyí. Òṣìṣẹ́ gidi ni." Ohùn rẹ̀ ga, gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́. Ìyá náà gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi, ó pe ọ̀gá wa náà mọ́ra, ó ṣe tirẹ̀ ní Yorùbá. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ṣe àmín sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyàwó jáde láti inú yàrá náà nínú àrán pupa, iyùn bo orí rẹ̀ bí adé, ó sì ń tàn débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná sáré gòkè wá wò ó. Mánẹ́jà dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó bọ ọ̀gá wa lọ́wọ́, ó pè é ní olórí níwájú gbogbo wa. Ọ̀gá wa jó. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún, ó jó lórí tááìsì títí aṣọ orí rẹ̀ fi tú.

Mo ti kọ́ àwọn kan níṣẹ́ yìí látìgbà náà, wọ́n sì máa ń bi mí bóyá kì í ti èèyàn lójú. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ro ti ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò mọ̀ wá rí. Kò mọ orúkọ wa, kò sì ní béèrè. Ó kàn máa ti ilẹ̀kùn, á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀ sórí ohun tí ọwọ́ wa tẹ́, á di ojú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọba ni wọn kò fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń gbé orí mi sókè rìn.